Ẹyin Sísè: Bí A Ṣe Ń Sè É, Ibi Tí À Ń Gbé E Sí, àti Èyí Tó Yẹ Kí Ẹ Yàn

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé tí a bá ti se ẹyin, a ti gbà á lọ́wọ́ ìbàjẹ́. Ẹyin tútù tí iná kò tíì kàn ni à ń ṣọ́ra fún. Tó bá ti jáde nínú omi gbígbóná, ó lè wà lórí tábìlì títí di alẹ́. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òótọ́. Nínú fíríìjì kan náà, ẹyin tútù lè lo ọ̀sẹ̀ 3 sí 5, ṣùgbọ́n ẹyin sísè kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 1 lọ.

Ààbò wà lára ẹyin láti ìgbà tí adìẹ ti yé e. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí ló bo èèpo rẹ̀, òun ló dí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò wínníwínní tó wà níbẹ̀. Funfun ẹyin náà ní èròjà kan nínú, lysozyme lorúkọ rẹ̀, tó máa ń bá kòkòrò àìfojúrí jà. Omi gbígbóná a bó awọ yẹn kúrò, a sì ba agbára èròjà yẹn jẹ́. Kòkòrò tó wà nínú ẹyin kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá tún dé lẹ́yìn náà, ilé tí kò nílẹ̀kùn ló bá.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò jẹ ẹyin náà, àti iye wákàtí tí yóò lò níta kó tó dé ẹnu onítọ̀hún. Ohun méjì yìí ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi wéra wọn níbí.

Pupa ẹyin tó ń ṣàn, àbí èyí tó dì délẹ̀?

Ẹyin ńlá tí kò ti inú fíríìjì wá ni mo fi ṣe àtẹ yìí, inú omi tó ti ń hó ni mo sì ti ń ka ìṣẹ́jú rẹ̀. Bó bá ti inú fíríìjì bọ́ sínú ìkòkò, ẹ fi ìṣẹ́jú 1 kún un.

| Ìṣẹ́jú | Funfun ẹyin | Pupa ẹyin | Ẹni tó wà fún |
|---|---|---|---|
| 6 | ó dì, ó sì rọ̀ | ó ń ṣàn | ẹni tí ara rẹ̀ le, tó mọ oko tí ẹyin ti wá, tí yóò jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ |
| 8 sí 9 | ó dì dáadáa | etí rẹ̀ dì, àárín rẹ̀ ṣì rọ̀ | bákan náà. Kò ṣe é gbé pamọ́ |
| 11 sí 12 | ó le | ó dì délẹ̀ | tọmọdé tàgbà. Òun nìkan ló ṣe é tọ́jú di ọjọ́ mìíràn |

Kòkòrò tí à ń torí rẹ̀ ka ìṣẹ́jú báyìí ni Salmonella. Àwọn kan rò pé ara èèpo nìkan ló ń gbé, níbi tí ìgbẹ́ adìẹ bá ti kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ kan wà, Salmonella Enteritidis, tó lè wọ inú ẹyin nígbà tó ṣì wà nínú adìẹ, kí èèpo tó bò ó. Irú ẹyin bẹ́ẹ̀ mọ́ lójú, kò rùn, kò sì sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ kó kúrò. Iná ló ń pa á. Funfun ẹyin a máa bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bíi 60°C, pupa rẹ̀ a máa dì láàárín 65°C sí 70°C. Ní Amẹ́ríkà, 71°C ni àwọn aláṣẹ ètò oúnjẹ ní kí oúnjẹ ẹlẹ́yin gbóná dé. Kò dìgbà tí ẹ bá ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Tí pupa ẹyin bá ti dì dé àárín, ẹ ti dé ibi tó yẹ.

Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi gba aláboyún láyè níbẹ̀ láti jẹ ẹyin tí pupa rẹ̀ ń ṣàn. Ìtàn gidi ló wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1988, Edwina Currie, tó jẹ́ mínísítà kékeré fún ètò ìlera, sọ ní gbangba pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyin tí wọ́n ń pèsè nílẹ̀ náà ni Salmonella ti ràn. Ọjà ẹyin dẹnu kọlẹ̀, òun náà sì fi ipò sílẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Nígbà tó di 1998, ètò British Lion, ti àwọn tó ń pèsè ẹyin níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn adìẹ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń tẹ àmì kìnnìún pupa sára ẹyin wọn. Ní 2017, Food Standards Agency, àjọ tó ń bójú tó ètò oúnjẹ níbẹ̀, wá kéde pé aláboyún, ọmọ ọwọ́ àti arúgbó lè jẹ ẹyin tó bá ní àmì yẹn láìdì, àyàfi ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára pátápátá láti bá kòkòrò jà. Nítorí náà, àmì kìnnìún yẹn ni ẹ máa wò. Ẹyin tí kò ní in, kódà ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sè é títí yóò fi dì fún àwọn tí mo dárúkọ yìí.

Kirétì ẹyin tí ẹ rà ní ọjà Bódìjà kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára, oníṣòwò tó tà á fún yín pàápàá lè má mọ oko tó ti jáde. Fún ilé tiwa ní Nàìjíríà, ẹyin líle ni mo fara mọ́, bó ti wù kí ti ìṣẹ́jú 6 dùn tó lẹ́nu. Ẹni tó ń gbé ní Jos, ẹ fi bíi ìṣẹ́jú 1 tàbí 2 kún ti inú àtẹ yìí, nítorí ìlú náà ga tó bíi mítà 1,200 sójú òkun, omi a sì máa hó níbẹ̀ ní nǹkan bíi 96°C, kò ní gbóná tó ti Èkó.

Omi tútù lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, àbí omi tó ti ń hó?

Omi tútù ló rọrùn jù. Ẹ to ẹyin sínú ìkòkò, ẹ bu omi bò wọ́n, ẹ gbé e kaná. Tó bá ti hó, ẹ pa iná, ẹ dé e pa, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 12. Kì í jẹ gáàsì púpọ̀, ẹyin kì í sì í sábà sán nínú rẹ̀ nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ooru ń wọ ara rẹ̀. Ó ní àléébù méjì. Bí ìkòkò bá fẹ́lẹ́, tí ẹyin inú rẹ̀ ò sì ju méjì lọ, omi náà yóò tètè tutù, pupa ẹyin lè má dì délẹ̀. Èkejì ni pé èèpo rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, tí ẹ bá ń bó o, ẹran ara rẹ̀ á máa bá èèpo lọ.

Omi tó ti ń hó ni èmi yàn. Ṣíbí ni kí ẹ fi sọ ẹyin kalẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, ẹ rọ iná sílẹ̀ díẹ̀ kí omi má baà máa gbá wọn mọ́ra, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Ooru tó ká funfun ẹyin mọ́ lójijì kì í jẹ́ kó ráyè lẹ̀ mọ́ awọ inú èèpo. Ìṣẹ́jú tí ẹ bá kà á sì dúró ṣinṣin, ìbáà jẹ́ gáàsì lẹ fi sè é tàbí sítóòfù kẹrosíìnì tí iná rẹ̀ ń ṣe ségesège.

Ẹ̀kẹta wà tí a kì í lò tó bó ṣe yẹ: kí a fi oru omi sè é. Omi díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò, bíi ti ẹni tó fẹ́ se mọ́ín-mọ́ín, ìdérí tó pa dáadáa, ìṣẹ́jú 12 sí 13. Ó rọrùn bó bíi ti omi híhó, omi tó ń lò kò sì tó nǹkan. Níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, èyí ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tó tún kan bíbó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọjọ́ orí ẹyin. Ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ló ń fìyà jẹni jù láti bó. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, afẹ́fẹ́ carbon dioxide inú rẹ̀ ń gba ara èèpo jáde, ìwọ̀n pH funfun ẹyin (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe ń gòkè ni ìkan rẹ̀ ń dín kù) a sì kúrò ní bíi 7.6 gòkè dé nǹkan bíi 9.2, nígbà náà ni yóò tú èèpo sílẹ̀. Alásè tó fẹ́ se kirétì mẹ́wàá fún ìnáwó ọjọ́ Sátidé, kó má ṣe dúró de ẹyin tó ń ti oko bọ̀ láàárọ̀ Ẹtì. Kó ti rà á láti Ajé tàbí Ìṣẹ́gun.

Ní ti sísè é pọ̀ mọ́ iṣu, mo mọ̀ pé ó ń dín gáàsì kù, n kò sì ní bá ẹni tí nǹkan há fún wí. Ṣùgbọ́n ẹ fọ ẹyin náà dáadáa kí ẹ tó sọ ọ́ sínú omi tí ẹ ó fi jẹun, kí ẹ sì yọ ọ́ tí ìṣẹ́jú 12 bá ti pé, ẹ má dúró de iṣu. Kí ẹ tó sè é gan-an ni kí ẹ fọ̀ ọ́ o. Ẹ má fọ kirétì tí ẹ fẹ́ gbé pamọ́, nítorí omi yóò bó awọ ààbò yẹn kúrò. Inú ìrẹsì, n kò gbà kí ẹ sè é sí rárá. Tó bá sán níbẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣà á.

Makiroweefu: ẹ má ṣe gbé ẹyin tó wà nínú èèpo sínú rẹ̀ láé. Kódà èyí tí ẹ ti sè tí ẹ sì ti bó, tí ẹ kàn fẹ́ mú gbóná, lè bú gbàmù lójú ẹni tàbí lẹ́nu ẹni. Ẹ là á sí méjì ná, tàbí kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná.

Rírẹ ẹyin sínú omi, àbí kí a jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀?

Ẹyin tí a fi sílẹ̀ nínú omi gbígbóná ṣì ń jiná lọ. Òrùka aláwọ̀ ewé tí ẹ máa ń rí yí pupa ẹyin ká, ibẹ̀ ló ti ń wá: irin inú pupa ẹyin àti afẹ́fẹ́ sulphur láti ara funfun rẹ̀ ló pàdé. Kò léwu, ẹ lè jẹ ẹ́, ó kàn ń sọ fún yín pé iná pọ̀ jù ni. Omi tutù tó ní áìsì nínú, fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, yóò dá a dúró, yóò sì mú kí ó rọrùn láti bó.

Ṣùgbọ́n omi wo? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Nígbà tí ẹyin gbígbóná bá ń tutù, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń sún kì, ó sì lè máa gba àwọn ihò wínníwínní yẹn fa omi tó yí i ká wọlé. Bí omi náà bá jẹ́ ti kànga tó wà nítòsí ṣáláńgá, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín gbé kòkòrò padà sínú ẹyin tí iná ti fọ̀ mọ́. Omi tí ẹ lè mu ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí. Píọ́ wọ́tà méjì tó ti dì tó láti tu ẹyin mẹ́fà. Bí kò bá sí omi tó mọ́, ẹ jẹ́ kí ó tutù lórí àwo gbígbẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Mo yan òrùka aláwọ̀ ewé ju omi ìdọ̀tí lọ.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí

Òfin wákàtí 2 ni kí ẹ fi sọ́kàn: láti ìgbà tí ẹyin bá ti kúrò lórí iná, kó má ju wákàtí 2 lọ níta fíríìjì. Tí ooru ibẹ̀ bá ju 32°C lọ, ó di wákàtí 1. Ọ̀sán oṣù Kẹta ní Ìbàdàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ká tó wá sọ inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sóòrùn. Láàárín 4°C sí 60°C ni kòkòrò ti ń gbèrú, àwọn mìíràn sì ń di ìlọ́po méjì láàárín ìṣẹ́jú 20.

Nínú fíríìjì, ẹyin tó ṣì wà nínú èèpo ló dára jù. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí, sí inú lọ́hùn-ún, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn tí ooru ti ń wọlé nígbà gbogbo. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ tí ẹ sè é sára èèpo. Èyí tí ẹ ti bó máa ń gbẹ, ó sì máa ń gba òórùn ẹja àti ọbẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá bó o tán tí ẹ kò ní jẹ ẹ́, ẹ dé e pa, kí ẹ jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kejì. Èyí tó sán lórí iná, ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́? Fíríìjì tí a kò ṣí lè mú òtútù dúró fún nǹkan bíi wákàtí 4. Lẹ́yìn ìyẹn, tí kò bá sí áìsì, ẹyin sísè inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí 2 tirẹ̀ nìyẹn. Ilé tí iná kì í dúró dáadáa, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe máa se ẹyin pamọ́ rárá. Ẹ fi í sílẹ̀ ní tútù nínú kirétì níbi tí ilẹ̀ ti tutù, kí ẹ máa se iye tí ẹ ó jẹ. Ìṣẹ́jú 12 kò pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀ fún àwọn ará wa ní òkè òkun. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í fọ ẹyin kó tó dé ọjà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bá a lórí pẹpẹ lásán. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, inú fíríìjì ló sì gbọ́dọ̀ máa wà kódà kí ẹ tó sè é. Ẹni tó kó láti Peckham lọ sí Houston, kó yí àṣà padà.

Ọ̀nà méjì tí n kò fọwọ́ sí: fírísà máa ń sọ funfun ẹyin sísè di ohun tó le bíi rọ́bà tó sì ń ṣomi. Rírẹ ẹyin sínú fínígà nílé kí a sì gbé e sórí tábìlì tún burú ju ìyẹn lọ. Ní 1997, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan tó jẹ irú ẹyin bẹ́ẹ̀ tó ṣe fúnra rẹ̀ kó àrùn botulism, májèlé oúnjẹ tó ń rọ iṣan ara. Ó ti fi nǹkan gún àwọn ẹyin náà lára, ó sì gbé ìgò wọn sí ìta fíríìjì, níbi tí oòrùn ti máa ń kàn án nígbà mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ràn ẹyin inú fínígà, inú fíríìjì ni kó máa gbé.

Ẹyin gáréèjì àti ẹyin inú oúnjẹ

Ní gáréèjì, ẹyin tí kò tíì bọ́ èèpo ni kí ẹ mú, kí ẹ sì sọ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó bó o. Èyí tí wọ́n ti bó sílẹ̀ nínú ike, ọwọ́ tí wọ́n fi ń ka owó, òun kan náà ni wọ́n fi ń mú un. Ata gígún tí wọ́n ń bù sí àárín rẹ̀ náà, ẹ wò ó dáadáa: ata gbígbẹ sàn ju èyí tí wọ́n lọ̀ mọ́ àlùbọ́sà láti àná lọ. Ẹ bi ìyá ẹlẹ́yin pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo lẹ sè é?” Ẹni tó sè é láàárọ̀ yóò sọ fún yín láìjanpata. Ẹyin tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní agogo 8 àárọ̀, ẹ rà á. Èyí tí wọ́n ń gbé kiri nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹyin awó tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà, èèpo rẹ̀ nípọn ju ti adìẹ lọ, kì í sì í tètè sán, ṣùgbọ́n wákàtí kan náà ló ń kà.

Ẹyin inú mọ́ín-mọ́ín tún gba iná lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn dára. Àmọ́ tí mọ́ín-mọ́ín bá ti sùn síta mọ́jú, ẹyin inú rẹ̀ kò ní yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ti inú ọbẹ̀ ata, ẹ gbé ọbẹ̀ náà kaná kó hó dáadáa kí ẹ tó tún bù ú jẹ.

Àwọn tí ẹ kò gbọdọ̀ fi dánra wò

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, aláboyún, arúgbó: ẹyin tó dì délẹ̀ ni tiwọn. Mo fi ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kún wọn, a kì í sì í sábà gbọ́ ọ. Salmonella lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ jókòó sínú egungun, ìrora rẹ̀ sì lè jọ ti àìsàn tó ti ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀, débi pé wọn kò ní tètè fura. Ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, kí ẹyin tó ń ṣàn má ṣe wọbẹ̀. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oúnjẹ jẹ, ẹ là á wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fi omi díẹ̀ po pupa rẹ̀, nítorí ó máa ń há lọ́fun.

Bí ẹyin burúkú bá mú ènìyàn, láàárín wákàtí 6 sí ọjọ́ 6 ni yóò hàn: inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, ibà, nígbà mìíràn èébì. Ẹ máa fún un ní omi ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà) tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí kò bá lè mu omi dúró, tàbí tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí mo kà sókè yìí, ilé ìwòsàn ni o, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Ó ku oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé. Ẹyin tí ìyá sè ní agogo 6 àárọ̀, tí ọmọ yóò jẹ ní agogo 11, ti lo wákàtí 5 nínú báàgì. Ẹ má bó o fún ọmọ láti ilé. Ẹ sè é lálẹ́, ẹ jẹ́ kó sùn nínú fíríìjì. Láàárọ̀, ẹ fi í sínú ike pẹ̀lú èèpo rẹ̀, ẹ gbé píọ́ wọ́tà tó ti dì gbagidi tì í nínú kúlà kékeré, kí ẹ sì kọ́ ọmọ náà láti fọwọ́ kó tó bó o. Bí kò bá sí áìsì, ẹ fún un ní àkàrà tàbí búrẹ́dì òun ẹ̀pà lọ́jọ́ náà, kí ẹ wá se ẹyin fún un nígbà tó bá dé.